Aba inú igbó tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀: báwo ni kí a ṣe kọ nípa rẹ̀?

Ọmọ-Aba (Ọjọ́ Ajé, agogo 8:14 alẹ́)

Mo kí gbogbo ilé o. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi ní ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì rò pé àwọn tí ó wà níhìn-ín lè là mí lóye. Aba kan wà ní gúúsù Ìsẹ̀-Èkìtì, ní ìhà ibi tí igbó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá odò Ògbèsè. Bàbá bàbá mi ni ó kọ́kọ́ gbin kòkó síbẹ̀, ibẹ̀ ni bàbá mi gbé dàgbà, ibẹ̀ sì ni èmi náà ti máa ń lo ìsinmi ilé ìwé títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kadà lè gbé ènìyàn láti ìlú fún nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ títí dé ibi afárá onítì igi méjì, ẹsẹ̀ ni a ó sì fi rin ìyókù. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹrin, ilẹ̀ ibẹ̀ a máa yọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọlọ́kadà kì í gbà láti kọjá ìdajì ọ̀nà títí di Oṣù Kẹwàá.

Mo padà lọ síbẹ̀ ní Oṣù Kìíní. Mo ka òrùlé 41, mo rí ilé ìwé oníyàrá méjì, ṣọ́ọ̀ṣì kan, mọ́ṣáláṣí kan, àti ahéré tí wọ́n ti ń wọn kòkó. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù mi, àwọ̀ ewé nìkan ni mo bá níbẹ̀, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ ibẹ̀ rí. Mo wá ohun tí wọ́n ti kọ nípa agbègbè náà, ọ̀rọ̀ ìnàkí ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí mo rí. Àwọn olùwádìí ti wọ igbó ọba Ìsẹ̀, ìyẹn igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìnàkí ṣì kù níbẹ̀, irú èyí tí kò sí níbòmíràn ní gbogbo ayé ju Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù lọ. Inú mi dùn sí iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìtẹ́ tí ìnàkí ń fi ẹ̀ka igi tẹ́ sùn ni wọ́n máa ń kà kí wọ́n tó lè mọ iye wọn, èmi sì ń rò ó pé a ti rí ẹni ka ìtẹ́ ìnàkí, a kò tí ì rí ẹni ka ilé bàbá mi.

Kí ló dé tí kò sí àkọsílẹ̀ kankan? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

(Mo ti tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe ní Ọjọ́rú: mo yọ orúkọ aba náà kúrò. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.)

Àgbà-Òǹkà (Ọjọ́ Ajé, agogo 9:40 alẹ́)

Ọmọ mi, ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, mo sì ṣiṣẹ́ ìkànìyàn ní ọdún 1991 àti ní ọdún 2006, nítorí náà mo lè sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo fi ojú mi rí.

Ọ̀nà jíjìn kọ́ ni ó fa ohun tí ẹ ń wí. Ní ilẹ̀ wa, ìlú yàtọ̀ sí abúlé, abúlé yàtọ̀ sí aba, aba náà sì yàtọ̀ sí ahéré tí ènìyàn kàn ń sá òjò sí. Ẹni tí ó wà ní aba, bí ó tilẹ̀ lo ogójì ọdún níbẹ̀, oko ni yóò sọ fún yín pé òun wà. Bí ẹ bá bi í pé ibo ni ilé rẹ̀, ìlú ni yóò nawọ́ sí. Ní ọdún 1991, wọ́n rán mi lọ sí aba mẹ́ta kan tí ó tẹ̀ lé ara wọn nínú igbó. Mo gbé ìwé mi, mo gbé gègé mi, mo dé aba kìíní, mo sì bá ìyá arúgbó méjì, bàbá kan tí ẹsẹ̀ ń dùn, àti ewúrẹ́. Gbogbo àwọn yòókù ti lọ sílé kí wọ́n lè kà wọ́n mọ́ ìlú wọn, nítorí wọ́n ti kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ààfin pé iye orí ni ìjọba yóò wò fún wa ní ọ̀nà àti ọsibítù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó tún rí ní ọdún 2006. Ènìyàn 2,398,957 ni wọ́n kà ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkìtì nígbà náà. Àwọn ará aba wà nínú rẹ̀, ó dá mi lójú, ṣùgbọ́n ilé tí wọn kò sùn nínú rẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ́dún ni wọ́n kọ wọ́n mọ́. Láti ìgbà náà a kò tún tí ì ka ara wa. Èyí tí wọn ì bá ṣe ní ọdún 2023, wọ́n sún un síwájú.

Èmi tí mo jẹ́ òǹkà fúnra mi, mo ti kó àwọn ọmọ mi lọ sí ìlú kí ọjọ́ tó pé. Mo kàn ní kí n jẹ́wọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ẹ sin bàbá yín sí?

Ọmọ-Aba (Ọjọ́ Ajé, agogo 9:58 alẹ́)

Iwájú ilé wa ní Ìsẹ̀ ni, sà. Ọkọ̀ gbé òkú rẹ̀ láti ọsibítù tààrà. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó dá a lábàá pé kí a gbé e lọ sí aba, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ó ti lo ayé rẹ̀. N kò rò ó rí títí tí ẹ fi béèrè.

Nọ́ọ̀sì-Ẹ̀yìn-Odò (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo 6:22 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ bàbá, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ òótọ́ pé kò sí àkọsílẹ̀. Ẹ wá ìwé oògùn ìnárun lọ.

Ẹ mọ̀ pé kòkòrò dúdú kan bí eṣinṣin kékeré wà tí ó ń yé sí ibi tí odò ti ń sáré lórí àpáta. Òun ni ó ń gbé aràn ìnárun láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Ara yóò máa yún ènìyàn títí awọ yóò fi rí bí ti aláǹgbá. Nígbà tí ó bá pẹ́, ó lè fọ́ ojú. Láti ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi oògùn Mectizan ta gbogbo ayé lọ́rẹ nítorí àrùn yìí. Ó ń pa ọmọ aràn, kì í pa ìyá rẹ̀, ìyá náà sì lè lo ju ọdún mẹ́wàá lọ nínú ara, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ máa lò ó lọ́dọọdún. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì ni ó ń pín in ní aba. Àwọn ará aba ni wọ́n ń yan ẹnìkan láàrin ara wọn, a ó kọ́ ọ, a ó sì fún un ní ọ̀pá tí a ti fa ìlà sí lára. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo oògùn yóò dúró ti ọ̀pá náà, ibi tí orí rẹ̀ bá dé ni ó ń sọ iye hóró tí yóò gbé mì. Ọmọdé tí kò bá tíì ga dé ìlà ìsàlẹ̀ kò ní lò ó, aláboyún náà kò ní lò ó.

Kí ẹni yìí tó pín oògùn, ó gbọ́dọ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé kí ó sì kọ orúkọ gbogbo ènìyàn tí ó ń sùn níbẹ̀, àti ọkùnrin àti obìnrin àti ìkókó. Orúkọ ẹni tí ó ń sùn níbẹ̀ ni mo wí, kò bìkítà fún ìlú tí o ti wá. Ní ọdún mẹ́fà tí mo fi ṣiṣẹ́ ní irú ibẹ̀, n kò rí àkọsílẹ̀ mìíràn tí ó sún mọ́ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé inú àpò ìrẹsì ni ìwé náà wà lókè àjà ẹnìkan.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹwà igbó pa ojú yín dé. Bí ọmọ bá dúbú sí ìyá rẹ̀ nínú lóru Oṣù Keje, àgbẹ̀bí yóò ṣe ìwọ̀n tí ó lè ṣe. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé aláboyún náà sáàrin ọlọ́kadà àti ẹnìkan tí yóò dì í mú lẹ́yìn, wọ́n á sì fi tọ́ọ̀ṣì wá ọ̀nà. Mo ti gba mẹ́ta irú wọn sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí mo wà. Ọ̀kan nínú wọn ni ó gbé ọmọ rẹ̀ padà sí aba.

Ayàwòrán-Ilẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo 1:05 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ àwòrán ilẹ̀ kò le rárá. OpenStreetMap wà, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè fi ibi tí ó mọ̀ kún un. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé kòkó máa ń dàgbà lábẹ́ igi ńlá, nítorí náà bí sátẹ́láìtì bá ya ibẹ̀ láti òkè, oko kòkó àti igbó kìjikìji a máa jọra wọn. Páànù nìkan ni ó máa ń tàn, tí ó bá sì ti dípẹtà, òun náà a máa jọ ilẹ̀. Ẹ fi ibi tí afárá yẹn wà ránṣẹ́ sí mi, mo lè fà gbogbo òrùlé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí.

Abílóko (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo 10:31 alẹ́)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fà á.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì mọ aba tí ẹ̀gbọ́n yìí ń sọ, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Òkénè ni àwọn òbí mi ti wá ní ọdún 1979. Bàbá mi kọ́kọ́ ṣe lébìrà ọlọ́dún kan, lẹ́yìn náà ó gba oko ṣe ní ìdá mẹ́ta: onílẹ̀ yóò mú méjì nínú owó kòkó, àwa yóò mú ọ̀kan. Lórí ilẹ̀ tí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́ àti iṣu ti ara wa, ìṣákọ́lẹ̀ ni à ń san lọ́dọọdún. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ní ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí onílẹ̀ kan tí ó tìtorí òfin yẹn dá epo àti owó wa padà.

Bàbá Àgbà-Òǹkà sọ òótọ́ nípa àwọn tí ó lọ sílé nígbà ìkànìyàn. Kí ẹ gbà mí láyè kí n béèrè nípa àwọn tí kò lọ. Àwa kì í lọ sí ìlú yín, nítorí ìlú yín kì í ṣe ìlú wa. Òkénè jìnnà, owó ọkọ̀ ènìyàn mẹ́jọ kì í ṣe kékeré, àwọn mọ̀lẹ́bí tí ó wà níbẹ̀ sì ń pe àwa tí a bí sí Èkìtì ní ará Èkìtì. Aba nìkan ni a ní. Bàbá mi kú ní ọdún 2011, ẹ̀yìn ilé wa níbẹ̀ ni a sin ín sí, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Sàréè rẹ̀ kọ́ ni àkọ́kọ́, kò sì ní jẹ́ ìkẹyìn. Nítorí náà nígbà tí ẹ bá ní gbogbo ará aba ní ibòmíràn tí ó jẹ́ ilé wọn, àwọn onílẹ̀ ni ẹ ń sọ. Nínú òrùlé 41 tí ẹ̀gbọ́n kà, wọn kò pé mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọdún ṣe ń lọ níbẹ̀ kí ẹ lè mọ ohun tí ó yẹ ní kíkọ. Láti Oṣù Kẹfà, òjò kò jẹ́ kí kòkó simi. Bí a kò bá fọ́n oògùn, èso rẹ̀ á dúdú lórí igi, á sì jẹrà. Oògùn náà ní ìwọ̀n omi tí a ń pò ó mọ́, odò ni a ti ń pọn omi yẹn, odò kan náà ni a sì ń mu lẹ́yìn tí a bá ti fi álọ́ọ̀mù sí i tí ẹrẹ̀ ti sílẹ̀. Láti Oṣù Kẹsàn-án ni kíká, ọkùnrin ń já a, obìnrin àti ọmọ ń kó o jọ, gbogbo wa ń fọ́ ọ. Kòkó tútù yóò wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀, omi rẹ̀ yóò máa ro, òórùn rẹ̀ yóò sì wọ aṣọ àti irun. Ẹni tí kò gbé ibẹ̀ rí ni ó ń sọ pé ó ń rùn. Ìyá mi sọ pé òórùn owó ilé ìwé mi ni. Lẹ́yìn náà ni sísá. Bí òjò bá ṣú lójijì, wọ́n lè fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí iná, wọ́n lè fi òkú sílẹ̀ láìsin fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n lè ká kòkó.

Ní Oṣù Kẹta ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, ohun tí ojú kò rí rí. Owó dé ọ̀dọ̀ wa díẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọdún náà ni àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọn kò tẹ aba rí bẹ̀rẹ̀ sí wá pẹ̀lú fóònù, wọ́n ń ya igi, wọ́n ń bi wá pé ta ni ó fún wa ní ibi tí a wà. Àwọn méjì nínú ẹbí tí ó yí wa ká ti kúrò.

Ìdí kejì tí mo fi ní kí ẹ dúró nìyí: apá kan aba náà bọ́ sínú igbó ọba. Kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ààlà wà gan-an, nítorí òpó tí wọ́n rì ti ṣubú láti ìgbà àwọn bàbá wa. Lọ́jọ́ tí òrùlé 41 bá hàn lórí àwòrán, pẹ̀lú ìlà igbó ọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tí yóò kọ́kọ́ rí i lè má jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ gbẹ́ kànga fún wa.

Igi-Ńlá (Ọjọ́rú, agogo 7:50 àárọ̀)

Mo bọ̀wọ̀ fún àbúrò tí ó kọ̀wé lókè yìí, ṣùgbọ́n igbó náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Mo mọ ìgbà tí arère, ìdígbó àti ọ̀gànwó kún ibẹ̀, tí a ń gbọ́ igbe ìnàkí láàárọ̀. Oko ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti etí. Bí kò bá sí ẹni tí ó ka àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, wọn yóò máa pọ̀ sí i ni.

Abílóko (Ọjọ́rú, agogo 8:17 àárọ̀)

Mo gbọ́ yín, bàbá, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀kadà ń gbà dé afárá wa yẹn, àwọn onígẹdú ni wọ́n là á kí ọkọ̀ wọn lè kó ìtì jáde, afárá náà sì jẹ́ méjì nínú ìtì tí wọ́n fi sílẹ̀. Àwa kò ní ẹ̀rọ tí ó lè wó ìdígbó. Ìnàkí tí ìyá mi máa ń gbọ́ ní òkè odò, ọdún tí ọkọ̀ gẹdú bẹ̀rẹ̀ sí wá ni igbe rẹ̀ dákẹ́.

Tíṣà-Àná (Ọjọ́rú, agogo 4:45 ìrọ̀lẹ́)

Kì í ṣe aba yín ni mo ti kọ́ni, ìhà Emùrè ni tèmi, ṣùgbọ́n ó jọra. Mo kàn fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì pé ìwé orúkọ ilé ìwé náà jẹ́ àkọsílẹ̀. Mo ní ọmọ 58 nínú ìwé. Ní Oṣù Kẹwàá, bí kòkó bá ti pọ́n, n kì í rí ju 20 lọ, ní Oṣù Kejì wọ́n á tún kún. Tíṣà mẹ́ta ni wọ́n kọ orúkọ wọn mọ́ ilé ìwé náà, èmi nìkan ni mo ń sùn níbẹ̀. Orí àpáta kan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ibẹ̀ ni mo ti máa ń pe ìyàwó mi, gbogbo aba sì mọ ohun tí à ń bá ara wa sọ.

Nípa ìdìbò, ibùdó ìdìbò 2,445 ni ó wà ní Èkìtì nígbà tí a dìbò gómìnà ní ọdún 2022. Ọ̀kankan kò sí ní aba wa, ìlú ni wọ́n ń lọ, àwọn tí kò sì ní ẹni tí wọn yóò dé sí lọ́dọ̀ kì í lọ.

Ọmọ-Aba (Ọjọ́rú, agogo 9:20 alẹ́)

Mo ti yọ orúkọ aba náà kúrò nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Àbúrò Ayàwòrán, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ ná.

Abílóko, ó yẹ kí n sọ ọ́ ní gbangba pé mo wà lára àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ó wá pẹ̀lú fóònù. N kò ya igi, òrùlé ni mo ń kà, ṣùgbọ́n mo rántí báyìí pé ìyá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń wò mí, tí kò sì dá ìkíni mi lóhùn títí mo fi kọjá. Mo rò pé kò gbọ́ ni.

Mo fẹ́ padà lọ nígbà tí òjò bá dá. Ìwé ni n óò mú lọ, n kò ní mú àwòrán. Mo fẹ́ kọ orúkọ àwọn ìṣàn omi, orúkọ ẹni tí ó gbin oko kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ẹni tí ó ni ín, àti orúkọ àwọn tí a sin síbẹ̀, bí àwọn ènìyàn wọn bá gbà. Ọwọ́ ẹni tí ó ń pín oògùn ni ìwé náà yóò wà, kò ní wá sí Ìsẹ̀. Ṣé ẹ lè bá mi sọ fún ìyá yín? Ẹ sì jọ̀ọ́, orúkọ wo ni ẹ̀yin ń pe ibẹ̀? Orúkọ bàbá bàbá mi ni àwa fi ń pè é nílé.

Abílóko (Ọjọ́bọ̀, agogo 5:58 àárọ̀)

Mo ti pe ìyá mi. Ó dúró lórí àpáta, a kò pẹ́ púpọ̀. Ó ní òun ni òun dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun sì gbọ́ ìkíni yín dáadáa.

Ó ní kí ẹ má wá lọ́jọ́ ọjà, nítorí kò ní sí ẹnikẹ́ni nílé, kí ẹ mú iyọ̀ àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì dání. Orúkọ tí àwa ń pe ibẹ̀ kì í ṣe orúkọ bàbá bàbá yín. Ó ní bí ẹ bá dé, tí ẹ jókòó, òun fúnra òun yóò sọ ọ́ fún yín.